Kì í ṣe gbogbo ohun tó sú síni lára ni ilẹ̀ẹ́gbóná

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò jẹ́ ká rójú jáde, aládùúgbò mi kan ní Alẹ́kúwodò, ní Òṣogbo, gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ara ọmọ náà ti ń gbóná, ó sì ti sú sí i lára: iwájú orí, àyà, ẹ̀yìn, àti méjì mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́. Oníkẹ́míìsì kò fọwọ́ kàn án. Ó wò ó láti ẹ̀yìn káńtà, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá àbúrò. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni." Ó ta kálámáìnì ìgò kan fún un, ó fi kápúsù aláwọ̀ méjì àti parasitamọ́ọ̀lù kún un. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ọmọ ilé náà sùn sórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

N kò lè dá oníkẹ́míìsì náà lẹ́bi tán, nítorí ohun tó sọ ni gbogbo wa máa ń sọ. Orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe àrùn bíi mẹ́ta mẹ́rin. Bí èéyi bá mú ọmọ, a ó ní ilẹ̀ẹ́gbóná ni. Bó jẹ́ chickenpox, ilẹ̀ẹ́gbóná náà ni. Ìgbóná gan-an, èyí tí àwọn bàbá wa bẹ̀rù débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní olóde, tí wọ́n ń wárí fún Ọbalúayé nítorí rẹ̀, òun ló ni orúkọ yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, wá dé, a kò fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó kàn bá àwọn yòókù wọ abẹ́ àtíbàbà kan náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹbí lóòótọ́, àwọn mìíràn kàn jọra lójú ni, ìtọ́jú wọn àti ewu wọn kò sì dọ́gba. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó sú sára yẹn gan-an la gbọ́dọ̀ mú lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹbí. Poxvirus ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí náà. Ìgbóná wà níbẹ̀, mpox wà níbẹ̀, cowpox tó ń mú màlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mẹ́ta yìí sún mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá. Orthopoxvirus ni orúkọ agboolé wọn. Àwọn ìbátan tó jìnnà díẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ń sin adìẹ mọ èyí tó ń yọ kókó dúdúdúdú sí adìẹ ní ogbe àti létí ojú. Ẹ̀fọn a máa gbé e láti ara adìẹ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n kì í mú èèyàn. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn wà, tó ń dá egbò sí wọn lẹ́nu, ó sì lè ran ọwọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ bọ́ wọn. Molluscum náà wà, kókó wẹ́wẹ́ dídán tó ń yọ sí ọmọdé lára, tí àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìdodo.

Chickenpox kò sí nínú ẹbí yìí rárá. Orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́ ló ń tan ni jẹ. Ìdílé herpes ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ti wá. Èéyi náà, ìdílé ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí chickenpox ti mú ní kékeré tó wá ń sọ pé "ó ti mú mi rí, kò lè mú mi mọ́" kò tíì rí ààbò kankan gbà lọ́wọ́ mpox.

Láàrin àwọn fáírọ́ọ̀sì, òmìrán ni poxvirus. Ìrísí rẹ̀ dà bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti gé igun rẹ̀ kúrò. Àmọ́ òmìrán láàrin àwọn tó kéré ni: bí a bá to bíi 4,000 wọn tẹ̀lé ara wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tó mìlímítà kan. Inú rẹ̀ ni DNA wà, èyí tí í ṣe ìwé ìlànà tó fi ń bí ara rẹ̀. Ti mpox gùn tó nǹkan bíi 197,000 lẹ́tà.

Ohun kan wà nínú ìṣe rẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì ara wa bí agboolé. Ìyẹ̀wù baálé wà láàrin rẹ̀, níbi tí DNA tiwa wà, níbi tí àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àdàkọ rẹ̀ wà. Àwọn fáírọ́ọ̀sì bíi ti chickenpox gbọ́dọ̀ yọ́ wọ inú ìyẹ̀wù yẹn kí wọ́n tó lè rí irinṣẹ́ lò. Poxvirus kì í dé ìyẹ̀wù. Ó ti di irinṣẹ́ tirẹ̀ dání láti ilé; bó bá ti wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń bí ọmọ rẹ̀ títí agboolé yóò fi kún. Ó tún ní ohun tó fi ń dí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lójú àti létí, kí wọ́n má baà tètè mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Ìdí nìyí tí ọjọ́ púpọ̀ fi ń kọjá kí ara ẹni tó kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ti mpox máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́tàdínlógún, ó sì lè tó mọ́kànlélógún.

Ìgbà yẹn ni ara á gbóná, orí á fọ́, ẹran ara á máa ro ni, kókó á sì wú sí ọrùn, abẹ́ àgbọ̀n, abíyá tàbí ibi tí itan ti so mọ́ ara. Kókó tó ń wú lábẹ́ awọ yìí ṣe pàtàkì, nítorí chickenpox kì í sábà mú un wá. Lẹ́yìn náà ni yóò sú. Àmì pẹlẹbẹ ló kọ́kọ́ ń jẹ́, á ga di kókó, á fa omi, omi á di ọyún, àárín rẹ̀ á tẹ̀ wọlé, á gbẹ di èépá, èépá á sì já bọ́. Gbogbo rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Èépá tó já bọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkú ni. Kò kú. Fáírọ́ọ̀sì yìí lágbára láti wà nínú ohun gbígbẹ fún ọjọ́ pípẹ́, pàápàá nínú òkùnkùn àti òtútù: nínú ìrọ̀rí, nínú aṣọ ìbora, nínú eruku abẹ́ ẹní. Ẹni tó ń gbọn aṣọ ibùsùn aláìsàn gbàgà lójú ilẹ̀kùn ń fẹ́ ẹ sí ara rẹ̀ ni.

Ìgbóná, ẹ̀gbọ́n mpox, pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ. Àwọn bàbá wa mọ̀ láì sí láàbù pé ó ń ràn. Wọ́n máa ń ya ẹni tó bá mú sọ́tọ̀, wọn kì í sì í sin òkú rẹ̀ sí àárín ilé. Èèyàn nìkan ṣoṣo ni ìgbóná ń mú, kò ní ẹranko kankan tó lè sá pamọ́ sí lára, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣeé lé kúrò láyé. Orílẹ̀-èdè wa ní ipa nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1966, ní agbègbè Ògójà, Dókítà William Foege àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tó gbogbo ìlú. Wọ́n bá wá ibi tí aláìsàn wà gan-an, wọ́n fún àwọn tó yí i ká ní abẹ́rẹ́, bí ẹni gé ewéko yí iná ká kó má lè ràn mọ́. Iná náà kú. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbé kiri ayé. Ní 1970, ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó mú kẹ́yìn láìjẹ́ láti láàbù ni Ali Maow Maalin, ọmọ Sòmálíà, ní 1977. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán.

Bí ó ṣe tán ni wọ́n dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Abẹ́rẹ́ yẹn, fáírọ́ọ̀sì mìíràn nínú agboolé kan náà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ mpox pẹ̀lú. Ẹ wo apá ìyá àgbà yín, ẹ ó rí àpá róbótó tó tẹ̀ wọnú lára rẹ̀. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn náà ní àpá lápá, àmọ́ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni tiwa, kò sì bá ìgbóná tan rárá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Òṣogbo yìí pé àwọn ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń na apá sí mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Nàìjíríà tó wà láàyè lónìí kò ní ààbò yẹn.

Àlàfo yìí ni mpox bá wọlé. Ọ̀bọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní láàbù kan ní Copenhagen, orílẹ̀-èdè Denmark, ní 1958; ohun tó fi gba orúkọ monkeypox nìyẹn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó yí i padà sí mpox ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní 1970, wọ́n rí i lára ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Kóńgò, òun sì ni èèyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀. Ní 1971, ó ti dé Nàìjíríà.

Orúkọ àtijọ́ yẹn ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn ọ̀bọ wa. Ẹni tó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun mọ̀ wọ́n, wọn a máa sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tí àlejò mú lọ́wọ́. Nígbà tí ariwo mpox pọ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n lé wọn kúrò kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé. Ọ̀bọ lè kó mpox bí èèyàn ṣe lè kó o, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ilé rẹ̀. Àwọn ẹranko kéékèèké inú igbó ni àwọn onímọ̀ ń fura sí jù: ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn ẹbí eku. Ní 2003, òkété àtàwọn eku mìíràn tí wọ́n kó láti Gánà lọ tà fún àwọn tó ń sin ẹran nínú ilé ní Amẹ́ríkà ló kó o ran ẹranko mìíràn níbẹ̀, ó sì mú èèyàn 47. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra, ẹran ìgbẹ́ tó ń ṣàárẹ̀, tàbí tí a bá òkú rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ló yẹ kó ṣọ́ra fún. Ẹran tó jinná dáadáa kò ṣe nǹkan. Ọwọ́ tó ń dá a, tó ń bó o, tó ń fọ ìfun rẹ̀ ni ewu wà fún, pàápàá bí ọwọ́ náà bá ní egbò.

Títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, gbogbo wa gbà pé láti ara ẹranko ló ń wá, bó bá mú èèyàn kan méjì, á parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọdékùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 dé ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń rí àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin tí kò dé igbó, tí kò jẹ ẹran ìgbẹ́, tí egbò wọn sì wà lójú ara. Dókítà Dimie Ogoina àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé ó jọ pé ó ń ràn nípa ìbálòpọ̀. Ayé kò fetí sí wọn tó bó ṣe yẹ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Láàrin 2017 sí 2018, èèyàn 122 ló mú ní ìpínlẹ̀ 17, èèyàn méje sì kú. Ó bá àwọn arìnrìn-àjò dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ísírẹ́lì àti Singapore. Ní 2022, ó gba gbogbo ayé. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé tó ta jí.

Àwọn tó ka ìwé ìtàn fáírọ́ọ̀sì náà fún wa kò jìnnà sí wa rárá. Ìlú Ẹdẹ níbí ni wọ́n wà, ní ibùdó ìwádìí DNA kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní ACEGID nígbà náà, ní yunifásítì Redeemer's, tí ọkọ̀ á gbé ẹ dé láti Òṣogbo kí gáàrí tó rọ̀ tán nínú ife. Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ti ara èèyàn kan bọ́ sí òmíràn, àṣìkọ díẹ̀díẹ̀ ń wọ DNA rẹ̀. Àwọn àṣìkọ kan ní àmì tó fi hàn pé inú ara èèyàn ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀ṣọ́ ara wa kan ló ń fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ka àwọn àṣìkọ yìí sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé láti nǹkan bí ọdún 2014 ni ẹ̀yà tó gba ayé ní 2022 ti ń ràn láti ara èèyàn dé ara èèyàn ní gúúsù Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta gbáko kí ọmọ Bayelsa yẹn tó dé ilé ìwòsàn! Àwọn tó mú láàrin ọdún wọ̀nyẹn, kí lẹ rò pé wọ́n pè é fún wọn? Èmi mọ ohun tí à bá pè é ní Òṣogbo.

Ẹ̀yà méjì gbòógì ló wà. Ti àárín Áfíríkà, ẹ̀yà kìíní, le ju tiwa, ẹ̀yà kejì, lọ. Ẹ̀ka tuntun kan nínú ẹ̀yà kìíní ló mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún kéde pàjáwìrì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Wọ́n fòpin sí ìkéde náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Òpin ìkéde kì í ṣe òpin àrùn.

Bó ṣe ń ràn kò ṣòro láti lóye. Ara sí ara ni: ìfarakanra pẹ̀lú egbò, ìbálòpọ̀, ìfẹnukonu, sísùn pọ̀, lílo aṣọ ìnura tàbí aṣọ ibùsùn kan náà, jíjókòó pẹ́ lójúkojú pẹ̀lú ẹni tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀. Aboyún lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Kì í fò bí èéyi tó lè mú gbogbo kíláàsì nítorí ọmọ kan. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú aláìsàn láti Old Garage dé Òkè-Fìà kò ní ìdí láti máa gbọ̀n. Ẹni tó ń bá a sùn, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kàn, ìyá àti ìyàwó ló sì sábà máa ń jẹ́. Ó ń ràn títí gbogbo èépá yóò fi já bọ́ tí awọ tuntun yóò fi bò ó. Nítorí pé ó lè yọ sí ojú ara, àwọn kan ń fi pamọ́, wọ́n ń lọ ra oògùn àtọ̀sí lábẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tí kòkòrò HIV ti mú agbára ara wọn lọ tí wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn ló máa ń ṣe léṣe jù, àwọn gan-an ni kò sì yẹ kó sá fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò wá kù. Wọ́n kọ́ àwọn dókítà àtijọ́ pé chickenpox máa ń sú ní ìpele ìpele, kókó tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èépá, ó sì ń pọ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn. Pé mpox máa ń wà ní ìpele kan náà, ó ń pọ̀ sí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ láti 2017 ni wọ́n ti ń rí mpox tó ń sú ní ìpele ìpele, àti èyí tó jẹ́ egbò kan ṣoṣo. Wọ́n ti rí ẹni tí méjèèjì mú pa pọ̀, ní Kóńgò àti ní Nàìjíríà níbí. Ọmọ aládùúgbò mi, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló pọ̀ sí jù, ó sì tún wà ní àtẹ́lẹwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni mo fi bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi gbà pé ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbà á. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ aṣọ ìlékè, ó dí imú àti ẹnu. Ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú wé lórí, ó fi ra ojú ìléròrò kan lápá ọmọ náà, ó rà á gidigidi títí ọmọ fi figbe ta. Kò fi abẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ lè yẹ̀ kó gún òun fúnra rẹ̀. Ó ṣe ti ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀pá mìíràn, ó sì fi ẹ̀mú mú èépá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú ike tirẹ̀. Ó kọ orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti gbà á sára ike. Ike wọ inú ọ̀rá, ọ̀rá wọ inú agolo, agolo wọ inú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé e lọ. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá ọmọ náà bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, inú egbò ló pọ̀ sí. Bí wọ́n bá sì wá ohun ìjà tí ara fi ń bá a jà nínú ẹ̀jẹ̀, kò lè sọ ẹni tó jẹ́ láàrin àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn. Ìyá àgbà tó gba abẹ́rẹ́ ìgbóná kí wọ́n tó dá a dúró lè ní irú ohun ìjà kan náà lára. Ní láàbù, PCR ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ náà ń gbóná, ó ń tutù, ó tún ń gbóná, nígbà kọ̀ọ̀kan ó ń sọ ègé DNA tí wọ́n ń wá di ìlọ́po méjì: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Tó bá ṣe é nígbà 30, ọ̀kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Bí kò bá sí ègé yẹn níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tó máa pọ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó ra egbò bá fẹ́lẹ́ jù, tàbí tí kúlà bá gbóná lójú ọ̀nà. Bí àmì àìsàn bá ṣì ń tọ́ka sí mpox, wọ́n á tún un gbà.

Ìtọ́jú kò pọ̀. Omi, oúnjẹ, oògùn ìrora, ìmọ́tótó egbò kí kòkòrò mìíràn má wọ̀ ọ́, ojú kó wà ní mímọ́ kó má fọ́. Oògùn tecovirimat tí wọ́n gbójú lé kò mú egbò yá kíákíá nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kóńgò, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ìwádìí náà, yálà wọ́n lo oògùn tàbí wọn kò lò ó, kò kú bí àwọn tó wà níta ṣe ń kú, nítorí pé wọ́n rí ìtọ́jú gidi gbà ní ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ 28 láàrin. Nàìjíríà gba 10,000 rẹ̀ láti Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ẹ fi wé iye wa.

Ẹni tó bá ń fura, kó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú yàrá kan, kó bo egbò, kó ní aṣọ ìnura àti ìbora tirẹ̀, kó sì pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232 tàbí kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kẹfà, fóònù aládùúgbò mi dún. Wọn kò rí mpox. Chickenpox ni wọ́n bá nínú ohun tí wọ́n gbà lára ọmọ náà. Ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó ti ń kó ẹní ọmọ síta láti lọ sá a nígbà tó dúró, tó yíjú sí mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà Àjíǹde, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù márùn-ún, kò mọ̀ bóyá chickenpox ti mú un rí. Chickenpox kì í ṣe ohun tí aboyún ń fojú di. Kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n ti wà lórí ọ̀kadà, wọ́n ń lọ rí dókítà tó ń tọ́jú oyún náà, pẹ̀lú orúkọ àrùn náà tí wọ́n kọ sínú bébà.